Àmì Tí Wọ́n Fi Ń Dá Ará Ilé Mọ̀

Bí ẹ bá wọ yàrá tí àwọn ọmọ wa ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí bàálù kékeré kan lórí pẹpẹ tí a ń to ìwé sí. Ara rẹ̀ kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Èmi àti ọmọkùnrin mi la jọ tò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé Pásítọ̀ ti padà di ọmọdé. Mo gbà, ẹ rín in tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ níbi tí mo ti ń lẹ àmì mọ́ ara bàálù yẹn ò jẹ́ kí n lè dákẹ́, torí ó kan èmi pẹ̀lú yín, ó sì kan ohun kan tí mo ṣe nínú ìjọ yìí lọ́dún tó kọjá. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ, màá dé ibẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ gbèjà ara mi ná. Ní 1878, bíṣọ́ọ̀bù kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Milton Wright ti ìrìn àjò dé, ó sì mú ohun ìṣeré kan bọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì. Wilbur jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà yẹn, Orville jẹ́ ọmọ ọdún 7. Rọ́bà ló ń mú kí ohun ìṣeré náà fò: wọ́n á lọ́ rọ́bà yẹn dáadáa, tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, á gbéra ńlẹ̀, á lọ kan àjà. Àwọn ọmọ náà ò gbàgbé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1903, àwọn méjèèjì gbé bàálù tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn jáde, ó sì fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12 lẹ́ẹ̀kan àkọ́kọ́. Ohun tí bàbá wọn tó jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run rà wálé ló bí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa ra ohun ìṣeré fún ọmọ wa.

Páálí tó ti London wá

Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní London ló fi páálí náà rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé. Ilé iṣẹ́ Airfix ló ṣe é. Ọmọ ilẹ̀ Hungary kan tó ń jẹ́ Nicholas Kove ló dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní London ní 1939, ohun ìṣeré onírọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ló sì kọ́kọ́ ń ṣe, kó tó wá di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ bàálù kéékèèké. Nígbà tí a ṣí páálí náà, a bá àwọn ẹ̀yà ara bàálù tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọ́n so mọ́ igi ike kan bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré sí ojúlówó rẹ̀ ní ìlọ́po 72. Ìwé tó ń júwe bí a ó ṣe tò ó wà ńbẹ̀, bébà pẹlẹbẹ kan sì wà ńbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n tẹ àmì roboto aláwọ̀ pupa, funfun àti búlúù sí, pẹ̀lú nọ́ńbà àti lẹ́tà wínníwínní.

Decal ni àwọn tó ń ṣe é ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín, ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ rántí bébà kékeré tó máa ń wà nínú ṣingọ́ọ̀mù nígbà tí a wà lọ́mọdé? A ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ apá, a ó fi omi tàbí itọ́ rin ín, a ó rọra ṣí i kúrò, àwòrán á sì dúró sára wa títí ìyá wa á fi rí i. Ohun kan náà ni. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ ìránṣọ Singer dúdú tàtijọ́ nílé, àwọn ọnà aláwọ̀ wúrà tó wà lára rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣe bí ẹnì kan ló jókòó tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya á lọ́kọ̀ọ̀kan ni? Rárá o. Orí bébà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó gbé e kọjá sára irin. Nínú ìwé yìí, àmì olómi ni màá máa pè é, torí láìsí omi, kò ní í kúrò lórí bébà rẹ̀.

Ràkúnmí alápá ìbejì

Sopwith Camel ni orúkọ bàálù tí a tò. Bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Oṣù Kejìlá 1916 ni wọ́n kọ́kọ́ fò ó wò, ó sì dójú ogun ní 1917. Èyí tí wọ́n ṣe lápapọ̀ ju 5,000 lọ. Ìbọn méjì ló wà níwájú awakọ̀, wọ́n sì fi nǹkan bo ìdí àwọn ìbọn náà tó fi yọ gọnbu bí iké. Ìdí tí wọ́n fi pè é ní Ràkúnmí nìyẹn. Àwa tá à ń gbé Kano kọ́ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé iké ràkúnmí fún.

Bàálù alápá ìbejì ni: apá kan lókè, èkejì nísàlẹ̀ rẹ̀, òpó kéékèèké àti wáyà ló so wọ́n pọ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀? Igi ni egungun bàálù ìgbà yẹn, aṣọ ọ̀gbọ̀ ni awọ ara rẹ̀. Wọ́n á na aṣọ náà mọ́ igi, wọ́n á wá fi oje kan kùn ún léraléra títí á fi fún bí awọ ìlù. Ẹ́ńjìnnì wọn ò lágbára tó ti òde òní. Tí wọ́n bá ṣe apá kan ṣoṣo tó gùn, ìgbì afẹ́fẹ́ lè ṣẹ́ ẹ. Apá kúkúrú méjì tí wáyà so pọ̀ á máa ran ara wọn lọ́wọ́, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá di ara wọn mú lójú ọ̀nà tó ń yọ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: aṣọ àti igi. Ọta ìbọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo lè gbà á kọjá, kó sì pa ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ìbọn tó ti ọ̀dọ̀ ará ilé wá

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1914, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ọjọ́ 13 oṣù yẹn, àwọn bàálù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá omi lọ sí Faransé. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ìjà nígbà yẹn, iṣẹ́ amí ni. Wọ́n á fò lọ wo ibi tí ogun Jámánì dé, wọ́n á sì padà wá ròyìn fún ọ̀gágun. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń bọ̀ lókè yìí, ìròyìn tó lè gba ẹ̀mí àwọn tó wà nísàlẹ̀ là ló gbé dání.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò dá a mọ̀. Bàálù ṣì jẹ́ ohun àjèjì lójú ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n ti rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n, ọ̀tá ń lé wọn bọ̀. Wọ́n ṣáà gbọ́ ariwo lókè, wọ́n rí nǹkan tó ń fò, wọ́n gbé ìbọn. Wọ́n yìn ín sí ti Jámánì, wọ́n yìn ín sí tiwọn náà. Amí tó yè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá wá ń sá fún ìbọn ará ilé nígbà tó ń padà bọ̀.

Wọ́n wá ọgbọ́n dá. Wọ́n mú ọ̀dà, wọ́n kun àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ apá bàálù, kí ẹni tó bá gbójú sókè lè rí i. Tí ẹ bá dúró ti bàálù náà lórí ilẹ̀, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àsíá yẹn, àgbélébùú pupa ló wà láàárín rẹ̀. Bó bá ti ga sókè, ojú ò ní í rí búlúù mọ́, àgbélébùú yẹn nìkan lá máa hàn. Kí sì ni Jámánì kùn sí ara tiwọn? Àgbélébùú dúdú! Láti ìsàlẹ̀, nínú èéfín àti ìbẹ̀rù, ta ló ń dúró mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú? Àmì tí wọ́n ní kó gbà wọ́n wá ń fà wọ́n fún ikú.

Kí 1914 tó parí, wọ́n rí ojútùú. Àwọn Faransé ti ń lo àmì roboto láti 1912: búlúù ló wà láàárín, funfun yí i ká, pupa wá yí gbogbo rẹ̀ po. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba èyí lò, wọ́n kàn yí i padà ni: pupa bọ́ sáàárín, búlúù bọ́ sí etí. Roboto ò jọ àgbélébùú, bó ti wù kó jìnnà tó. Àmì yẹn ló wà lórí apá òkè àti lábẹ́ apá ìsàlẹ̀ bàálù tó wà lórí pẹpẹ wa, tó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ kìíní. Ẹni tó kun àsíá yẹn ò purọ́. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni lóòótọ́, àsíá ilẹ̀ rẹ̀ ló sì kùn. Àmọ́ àmì kì í ṣe fún ẹni tó wọ̀ ọ́. Ti ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè ni, ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń lẹ àmì olómi fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín lè fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Ìkánjú ò sí ńbẹ̀ rárá. Kí ẹ tó fọwọ́ kan àmì, ẹ gbọ́dọ̀ ti kun bàálù ní ọ̀dà, kó gbẹ, kí ẹ sì fi fáníìṣì tó ń dán kùn ún lé e. Mo fo ìyẹn lẹ́ẹ̀kìíní. Mo rò pé ẹwà lásán ni wọ́n fi ń dán an. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tí kò dán máa ń rí gbágungbàgun, bí ojú wa ò tiẹ̀ rí i. Tí àmì bá bà lé e, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀. Tó bá gbẹ tán, ẹ ó máa rí funfun kan bí ìkùukùu lábẹ́ àmì náà, kò sì ní í lọ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé àmì kan ṣoṣo kúrò lára bébà, kí ẹ fi ẹ̀mú mú un, kí ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ gbé e jáde, ẹ fi í sílẹ̀ lórí aṣọ kó sinmi. Ibí yìí ni sùúrù ti ń tán. Ọmọ mi ń sọ pé, “Dádì, ó ti tó, ẹ fà á.” Ẹ má fà á o. Ẹ kàn máa fi orí ìka tì í wò díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá fúnra rẹ̀ yọ̀ lórí bébà ni àsìkò tó. Ẹ fi omi rin ojú ibi tó ń lọ, ẹ gbé bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti àmì kọjá sára bàálù. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣì lè tún un ṣe kó tọ́. Bó bá ti gbẹ, ó parí.

Ẹ wá mú òwú, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, kí omi àti afẹ́fẹ́ lè jáde. Apá bàálù alápá ìbejì kì í tẹ́jú. Egungun igi abẹ́ aṣọ máa ń yọ ìlà ìlà, wọ́n sì ṣe ìlà yẹn sára ike náà. Fínígà díẹ̀ nínú omi máa ń mú kí àmì rọ̀, kó lè tẹ̀ lé gbogbo òkè àti kòtò yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá gbẹ, ẹ tún fi fáníìṣì bò ó lórí.

Àmì roboto tó wà lórí apá òsì, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Ẹ ó rí i pé ó wọ́ díẹ̀, ìkùukùu funfun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kánjú. Ọmọ ọdún 12 ló lẹ ti apá ọ̀tún, kò sì sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Àmì wà, ìbọn tún dún

Ẹ lè rò pé lẹ́yìn 1914, ọ̀rọ̀ náà ti parí. Kò parí. Ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941, ọjọ́ tí Japáànù kọlu Pearl Harbor, bàálù ogun Amẹ́ríkà mẹ́fà ń bọ̀ wá balẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé tiwa ló ń bọ̀ o. Ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì àárọ̀ ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára wọn. Ẹnì kan yìnbọn, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Awakọ̀ mẹ́ta ló kú, gbogbo wọn pa ti ara wọn. Nínú òkùnkùn, ta ló rí àmì?

Nígbà náà, ìràwọ̀ funfun ni àmì Amẹ́ríkà, ẹyọ pupa kan sì wà láàárín rẹ̀. Japáànù ń lo roboto pupa. Ní oṣù Karùn-ún 1942, Amẹ́ríkà yọ ẹyọ pupa yẹn kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà tún ṣì í mú. Síbẹ̀, ní oṣù Keje 1943, bàálù 144 tó kó ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lọ sí erékùṣù Sicily lóru, àwọn ọkọ̀ ogun àti ìbọn tiwọn sì já 23 bọ́ nínú wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ Faransé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1944, wọ́n fi ọ̀dà funfun àti dúdú fa ìlà gbàǹgbà-gbàǹgbà sára apá àti ara àwọn bàálù wọn. Ẹni tí kò bá rí ìyẹn, kì í ṣe ojú ló ń dùn ún.

Kano, 1925

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni mò ń sọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1925, bàálù alápá ìbejì mẹ́ta tó ti Íjíbítì gbéra, tó gba Sudan kọjá, balẹ̀ ní Kano wa yìí. DH.9A ni irú wọn, Arthur Coningham ló sì ṣáájú wọn. Ibẹ̀ ni ìtàn bàálù ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tó di 1936, ilé iṣẹ́ Imperial Airways ti ń gbé lẹ́tà wá sí Kano, ó sì dé Èkó lọ́dún yẹn kan náà. Bàálù alápá ìbejì náà ni wọ́n fi ń ṣe é, tiwọn ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin.

Ọkọ̀ ojú irin ti gbé àwọn bàbá wa dé Sabon Gari ṣáájú bàálù. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tó dúró sí Kano lọ́jọ́ yẹn, tó gbójú sókè, tó rí roboto pupa, funfun àti búlúù lábẹ́ apá nǹkan tó ń ké ramúramù bọ̀. Lójú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Faransé, ìtumọ̀ àmì yẹn ni pé, “ará ilé ni, má yìn ín.” Ṣùgbọ́n oṣù Kejì 1903, ọdún kan náà tí àwọn ọmọ bíṣọ́ọ̀bù yẹn kọ́kọ́ fò, ni ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá wọ Kano. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ yẹn, ṣé “ará ilé” ni àmì náà máa sọ fún un? Àmì kan náà ni o, ohun tó ń sọ fún ojú kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀.

Abàjà àti abàjà

Àwa Yorùbá ò lè sọ pé àjèjì ni ọ̀rọ̀ yìí sí wa. Ilà wà lójú àwọn bàbá wa: abàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́. Lóòótọ́, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti ní ká má fi àmì sí ara ọmọ mọ́, èmi náà ò sì kọ ilà fún ọmọ mi. Ṣùgbọ́n láyé ogun, ilà yẹn ló ń sọ ibi tí èèyàn ti wá kó tó la ẹnu.

Ṣé ilà wá dá ogun dúró? Láti 1860 sí 1862, Ìbàdàn àti Ìjàyè bá ara wọn jà. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó ti ilé àtijọ́ sá wá ló pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Ilà ojú wọn ò yàtọ̀, èdè wọn ò yàtọ̀. Abàjà ń wo abàjà lójú, ó sì ń yìnbọn. Nínú Bíbélì náà, ẹ rántí ará Gileadi àti ará Efraimu létí odò Jọ́dánì. Ọmọ Ísírẹ́lì ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn kan ò lè pè dáadáa ni wọ́n fi ya ara wọn sọ́tọ̀, tí wọ́n sì fi pa ara wọn. Ẹ̀kọ́ kejì tí mo kọ́ nìyí: àmì lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán pátápátá, kí ẹni tó mú ìbọn má ṣe tirẹ̀.

Èmi náà yìnbọn

Mo ní màá dé ibẹ̀. Mo ti dé ibẹ̀ wàyí.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìkórè kù díẹ̀, arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa tó ń mójú tó àpò ìrànwọ́ àwọn opó. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tẹ̀ léra, a ò rí i. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé òun rí i tó ń wọ ọgbà ìjọ mìíràn, tòun ti ẹrù lọ́wọ́. Mi ò bi í léèrè. Mi ò pè é lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó wá, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó. Mo gun orí àga ìwàásù, mo sì sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ní ẹsẹ̀ kan nílé, tí wọ́n ní ẹsẹ̀ kan lóde, tí wọ́n ń kó ẹrù ilé lọ sóde. Mi ò dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀, ẹ mọ ẹni tí mò ń bá wí. Mo rí bí àwọn kan ṣe yíjú wò ó.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wá sí ọ́fíìsì mi. Ó ní òun wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn opó wa. Ẹsẹ̀ ìyá ò gbé e mọ́, ó ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ yìí, nínú ọgbà ìjọ kejì tí ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni arákùnrin wa ń ráyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òun ló ń gbé oúnjẹ àti oògùn lọ fún ìyá, tó ń jókòó tì í kí ọmọ rẹ̀ lè wọ ilé ìsìn. Ọmọbìnrin náà ní, “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rán an.” Ẹ̀yin ará, mi ò rán an.

Ẹ ò rí i? Amí yẹn ń bọ̀ nílé, ohun rere ló gbé dání, èmi tí mo wà nísàlẹ̀ gbé ìbọn.

Mo lọ sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó fà mí dìde, ó gbé omi fún mi, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ ṣáà mọ̀ mí.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́rìnlá la ti jọ wà nínú ìjọ yìí. Òun ló dúró tì mí ní ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi. Irú àmì wo ni mo tún ń wá? Ó ti lò ó lójú mi fún ọdún mẹ́rìnlá. Èmi ni mi ò wò.

Ó ti dárí jì mí, ó sì ń wá sí ìsìn. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ìwé àpò àwọn opó sílẹ̀, ó ní kí ẹlòmíràn máa bá a lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo tọrọ àforíjì ní pálọ̀ rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pálọ̀ ni mo ti yìnbọn. Etí gbogbo yín ni. Nítorí náà, mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n kọ ọ́ síbí, kí gbogbo ẹni tó gbọ́ ìwàásù yẹn lè kà á pé ohun tí mo sọ kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ yíjú wò ó lọ́jọ́ náà, ẹ lọ kí i. Tí ẹ bá rí mi lórí àga ìwàásù tí mo tún ń fi ọ̀rọ̀ gún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ẹ bi mí bóyá mo ti pe ẹni náà.

Bàálù náà wà ní yàrá àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n sì bi wá léèrè ohun tí roboto yẹn túmọ̀ sí. Àmọ́ kí wọ́n má fi ọwọ́ tútù kàn án o, pàápàá èyí tó wà ní apá òsì. Kò lẹ̀ dáadáa.